Mo fẹ́ ya film noir oníṣẹ́jú méjìlá: kí ni kí n mú, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ló kù kí n kúrò nílé ẹ̀kọ́. Fíìmù kékeré ni, ìṣẹ́jú méjìlá péré. Mo lọ sọ fún olùkọ́ wa pé film noir ni mo fẹ́ yà. Wọ́n bi mí pé kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní fíìmù dúdú-òun-funfun ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé fìlà, ó wọ kóòtù gígùn, ó ń fa sìgá nínú òjò, arẹwà obìnrin kan á wá wọlé bá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹrù inú àpótí aṣọ lo kà sílẹ̀ yẹn. Fíìmù ńkọ́?" Ojú tì mí. Mi ò rí èsì fọ̀.

Kámẹ́rà kan ni mo ní, iná méjì, òṣèré mẹ́ta, àti pálọ̀ òun yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wo The Maltese Falcon àti Double Indemnity. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ tí ẹ bá ní kí n sọ ìdí rẹ̀, mi ò lè sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá_Sinimá

Ọmọ mi, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Àwọn tó ya àwọn fíìmù wọ̀nyẹn gan-an ò mọ̀ pé film noir ni àwọn ń yà. Ní Hollywood nígbà náà, fíìmù ọ̀daràn ni wọ́n ń pè é, tàbí "melodrama". Àwọn Faransé ló sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Jámánì gba ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1940, fíìmù Amẹ́ríkà ò sì wọ Paris mọ́. Ogun parí. Nígbà tó di ọdún 1946, gbogbo èyí tó ti ń ṣù jọ lẹ́yìn odi ya wọ ìlú pọ̀: The Maltese Falcon ti 1941, Double Indemnity, Laura àti Murder, My Sweet ti 1944. Ará Amẹ́ríkà ti wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gbàgbé. Ará Paris wò wọ́n tẹ̀léra, wọ́n rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òǹwòye fíìmù kan, Nino Frank, kọ̀wé nípa wọn lọ́dún yẹn, ó pè wọ́n ní film noir, ìyẹn fíìmù dúdú. Etí èèyàn tiẹ̀ ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, nítorí ilé ìtẹ̀wé Gallimard ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ọ̀daràn lọ́dún 1945 sábẹ́ orúkọ Série noire.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Ìtàn wọn ti inú ìwé olówó pọ́ọ́kú wá, irú èyí tí Dashiell Hammett, Raymond Chandler àti James M. Cain ń kọ. Hammett fúnra rẹ̀ ti ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Pinkerton rí, kò fi àlá kọ ọ́. Òjìji wọn ti Berlin wá. Ní Jámánì lọ́dún 1920, nínú The Cabinet of Dr. Caligari, ọ̀dà ni wọ́n fi kun òjìji sára ògiri. Nígbà tí Hitler gorí oyè, àwọn oníṣẹ́ fíìmù bíi Fritz Lang, Billy Wilder àti Robert Siodmak sá kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé ojú tí wọ́n fi ń wo òkùnkùn dé California. Ẹni tó ti sá fún ikú nílé kì í ya ìlú àjèjì bí ibi ìgbádùn.

Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá tún bi ọ́, sọ pé orúkọ ìdílé ni. Fìlà àti kóòtù kàn jẹ́ ohun táwọn kan nínú ìdílé náà ń wọ̀ ni.

Gáfà_Agége

Iná méjì tó o ní yẹn pọ̀ jù. Mi ò ṣàwàdà.

Nínú fíìmù ìfẹ́ àti ti awàdà ayé ìgbà yẹn, iná mẹ́ta ni wọ́n fi ń tan òṣèré. Èyí tó lágbára jù wà níwájú, lápá kan. Òun là ń pè ní key. Èkejì, fill, wà lápá kejì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó pa òjìji tí àkọ́kọ́ dá. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn, kí òṣèré má bàa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun tí àwọn oníkámẹ́rà noir ṣe ni pé wọ́n pa fill, tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an. Òjìji tó yẹ kó kú wá yè. Ìdajì ojú wà nínú ìmọ́lẹ̀, ìdajì wà nínú òkùnkùn, ìwọ tó ń wò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ni onítọ̀hún fi pa mọ́ sí apá ọ̀hún.

Ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ yìí ni John Alton, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó wá ṣe ayé rẹ̀ ní Hollywood. Wo T-Men (1947), wo The Big Combo (1955). Ó kọ ìwé kan lọ́dún 1949, Painting with Light. Níparí The Big Combo, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú kùrukùru ní pápákọ̀ òfuurufú. O ò rí imú, o ò rí ojú, o ò rí bọ́tìnnì aṣọ. Òjìji dúdú méjì ni lójú ìmọ́lẹ̀ funfun. Owó kékeré ni wọ́n fi ya fíìmù yẹn, kùrukùru ló bo gbogbo ibi tí owó ò dé. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe nínú Detour (1945), níbi tí wọ́n ti ní kí olólùfẹ́ méjì máa rìn ní New York lóru. Kò sí New York kankan níbẹ̀, kùrukùru àti pátákó orúkọ òpópónà ni. Ìwọ tí o ò lówó, má sunkún. Àwọn tó ni nǹkan yìí gan-an ò lówó.

Ìlà-ìlà òjìji tó máa ń gba ara èèyàn kọjá, bíláìnì ojú fèrèsé ló ń dá a. Nínú Double Indemnity, John Seitz tó di kámẹ́rà mú fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú bíláìnì wọlé hàn nínú afẹ́fẹ́ bí eruku ilé tí wọn ò gbá. Ó fọ́n lúbúlúbú aluminiọ́mù sí i. Ìwọ má fọ́n nǹkan kan sínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ o! Èéfín kọ́ìlì ẹ̀fọn méjì á ṣe é. Gé páálí ní ìlà-ìlà, gbé e síwájú iná. Tí òjìji rẹ̀ bá ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, iná rẹ ló fẹ̀ jù tàbí ó sún mọ́ páálí jù. Iná kékeré tó jìnnà ló ń dá òjìji tó mú bí abẹ. Àwọn iná LED pẹlẹbẹ tí gbogbo yín ń rà kiri yìí, tí wọ́n tún fi aṣọ funfun bò lójú, ìyàwó ojú ọ̀nà ni wọ́n dára fún. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà ní ìhòòhò sàn jù wọ́n lọ.

Paríparí rẹ̀, má jẹ́ kí kámẹ́rà ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá rí òkùnkùn, á rò pé àṣìṣe ni, á gbé e sókè, dúdú rẹ á di eérú.

Adùnní_Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n Gáfà, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ ẹ ò sọ ti àwọ̀ ara. Ojú òyìnbó ni gbogbo iná tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ń tàn. Tí àbúrò wa bá pa fill, tó gbé òṣèré tó dúdú bíi kóró iṣin síwájú ògiri funfun, ògiri la máa wò fún ìṣẹ́jú méjìlá.

Kó wo Devil in a Blue Dress (1995). Carl Franklin ló darí rẹ̀, Tak Fujimoto ló di kámẹ́rà mú. Denzel Washington ni Easy Rawlins, ní Los Angeles ọdún 1948. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ilé wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnì kan fún un lówó pé kó bá òun wá obìnrin kan. Mo fẹ́ kó wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gbá etí ojú rẹ̀.

Gáfà_Agége

O káre. Òótọ́ ni. Fún awọ dúdú, má fi iná púpọ̀ lu ojú. Jẹ́ kí awọ máa dán ni. Fi òróró díẹ̀ tàbí ìpara pa iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lọ sẹ́yìn díẹ̀, kó máa ta sára rẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lórí omi. Aṣọ náà ńkọ́? Nínú fíìmù dúdú-òun-funfun, pupa àti àwọ̀ ewé lè di eérú kan náà. Fi kámẹ́rà yẹ aṣọ wò kó o tó fún òṣèré wọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Lékí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. "Arẹwà obìnrin kan á wá wọlé bá a." Àbúrò, ibẹ̀ ni olùkọ́ rẹ ti mú ọ.

Obìnrin yẹn ni àwọn òǹwòye ń pè ní femme fatale, ìyẹn ẹni tí ẹwà rẹ̀ ń fa ọkùnrin lọ sí ìparun. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfarawé noir ló ń kọ́kọ́ ra aṣọ pupa àti lọ́fínńdà fún un, kò sì sí ẹni tó máa ń bi í pé kí ni ìwọ fẹ́. Wo Phyllis tí Barbara Stanwyck ṣe nínú Double Indemnity. Ilé ńlá ni wọ́n tì í mọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀ àfi kó bú u, ọmọ ọkọ kórìíra rẹ̀, òun náà kórìíra ọmọ. Mi ò ní kó lọ pa ọkọ o. Mo ní àlàyé wà nílẹ̀, a sì lè gbọ́ ọ kí Walter, ọkùnrin tó bá a pa ọkọ rẹ̀, tó tẹ agogo ilé. Wilder tó darí fíìmù náà wá fi wíìgì aláwọ̀ góòlù kan dé e lórí, wíìgì tó hàn gbangba pé wíìgì ni. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ló ń tà, orí rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Walter rí i. Ó rà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ má sì gbàgbé àsìkò. Ogun kó àwọn ọkùnrin lọ, àwọn obìnrin gba iṣẹ́ iléeṣẹ́, wọ́n ń gbowó ara wọn. Àwọn ọkùnrin dé, wọ́n bá obìnrin tó ti mọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ̀rù yẹn ló pọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn ju ẹwà lọ.

Kò tiẹ̀ pọn dandan kó wà níbẹ̀. Ida Lupino, òṣèré tó di olùdarí, ya The Hitch-Hiker lọ́dún 1953. Ọkùnrin mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan, ìbọn kan, aṣálẹ̀. Kò sí arẹwà kankan tó wọlé bá ẹnikẹ́ni.

Ẹlẹ́fẹ̀_Òṣodì

Ṣé ẹ ti wá fẹ́ yọ sìgá, fìlà, kóòtù, òjò àti arẹwà kúrò? Àbúrò, ìwọ àti gílóòbù rẹ ló kù o.

Aṣọ̀tàn_Abẹ́òkúta

😂 Gílóòbù àti ìtàn. Ẹ ti tan iná tán, ìtàn ńkọ́?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, o ní o fẹ́ràn Double Indemnity ju The Maltese Falcon lọ, o ò sì mọ ìdí rẹ̀. Wò ó báyìí. Sam Spade inú The Maltese Falcon, iṣẹ́ ibi àwọn ẹlòmíì ló ń tú wò. Ó lè dọ̀tí lápá kan, ṣùgbọ́n ó bọ́ níbẹ̀. Walter Neff kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ń ta inṣọ́ránsì. Ó ya ilé oníbàárà kan kó lè rán an létí pé inṣọ́ránsì mọ́tò rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ tán, ó bá ìyàwó ilé nílé. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè kan báyìí nípa inṣọ́ránsì ìjàǹbá, bóyá èèyàn lè rà á fún ọkọ láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀. Walter kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tí obìnrin náà ń béèrè, ó sọ ọ́ sí i lójú, ó jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, ó ti gbà. Òun gan-an ló tún wá mú èrè di ìlọ́po méjì: nínú ìwé inṣọ́ránsì, bí ikú bá jẹ́ irú ìjàǹbá tí kì í sábà ṣẹlẹ̀, bíi kéèyàn jábọ́ látinú rélùwéè, ìlọ́po méjì owó ni wọ́n á san. Ibẹ̀ ni orúkọ fíìmù náà ti wá.

Wilder ò sì fi ìparí pa mọ́ fún wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Walter ti wọ ọ́fíìsì lóru, tí ẹ̀jẹ̀ ń jò lára rẹ̀, tó sì ń sọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pé òun pa ọkùnrin kan nítorí owó àti nítorí obìnrin, òun ò rí owó, òun ò rí obìnrin. Ó ti tán! Kí la tún jókòó ń wò? À ń wò bó ṣe tẹsẹ̀ bọ pàkúté tó fojú ara rẹ̀ ka eyín rẹ̀. Kì í ṣe "ta ló ṣe é?" mọ́, "kí ló dé tó fi ṣe é?" ni.

Lójú tèmi, òun ni noir, yálà fìlà wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ìdí nìyí tí ìtàn wọn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nínú The Killers (1946), wọ́n pa ọkùnrin náà tán kí fíìmù tó gbóná. Ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá pa òun, kò sá. Ìyókù fíìmù ń wádìí ohun tó mú kí ó má sá. Nínú D.O.A., ọkùnrin kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá láti lọ fi ìpànìyàn sùn. Ta ni wọ́n pa? Òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ, ó ku díẹ̀ kó kú. Nínú Sunset Boulevard (1950), òkú tó léfòó nínú odò ìwẹ̀ ló ń sọ̀tàn.

Ẹlẹ́fẹ̀_Òṣodì

Òkú ń sọ̀tàn, ẹ sì jókòó ẹ ń gbọ́? Níbi tí mo ti wá, ẹsẹ̀ la máa bá sọ̀rọ̀.

Aṣọ̀tàn_Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ àbúrò gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Ohùn asọ̀tàn ló ń pa ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Má fi ohùn sọ ohun tí ojú ti rí. Tí òṣèré bá ń rìn lójú pópó, má wí pé "mò ń rìn lójú pópó, ìlú sì dúdú." Walter ń sọ ohun tí kámẹ́rà ò lè rí. Ó ń sọ ohun tó mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ nígbà náà.

Àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn iléeṣẹ́ Hollywood ní ìwé òfin kan tí wọ́n fi de ara wọn, láti 1934 ni Joseph Breen sì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀daràn ò gbọdọ̀ gbádùn èrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ò gbọdọ̀ hàn. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi òfin náà ṣe. Àkọ́kọ́ mú kí gbogbo ìtàn máa rìn lọ sí ìparun láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni adùn noir. Èkejì mú kí wọ́n kọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Walter àti Phyllis pàdé, wọ́n ń bá ara wọn ṣe eré ìfẹ́ nípa pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ojú pópó àti eré àsápajúdé mọ́tò. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnì kan. Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, wọ́n ti ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọ láti kékeré, lò ó. Tó o bá fẹ́ gbọ́ bí ìtàn ọ̀daràn ṣe ń dún ní Yorùbá gidi, ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde lọ́dún 1969. Lápàdé inú rẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ń lépa ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Mi ò pè é ní noir, akọni pọ̀ nínú Lápàdé jù. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń halẹ̀ mọ́ra wọn.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n Aṣọ̀tàn, mo ta ko yín díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtàn nìkan ni, a jẹ́ pé ìtàn ẹnikẹ́ni tó bá fojú ara rẹ̀ wọ wàhálà ni noir. Paul Schrader kọ ọ́ lọ́dún 1972, kó tó di olùdarí, pé noir kì í ṣe ẹ̀yà fíìmù bí ti màlúù òun ìbọn, pé bí fíìmù náà ṣe rí lára ni: ohùn rẹ̀, ìmọ̀lára rẹ̀. Mo wo The Third Man (1949) lójú sinimá ńlá, mo ti gbàgbé ìdajì ìtàn náà báyìí. Vienna lẹ́yìn ogun ni mi ò lè gbàgbé: òkúta títì tó tutù tó ń dán lóru, òjìji tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kámẹ́rà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí yó, eré sísá nínú ihò omi ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀. Robert Krasker tó di kámẹ́rà mú gba Oscar fún un.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, tó o bá fẹ́ ya ìta lóru, bu omi sí títì kó o tó yà á. Ọ̀dà títì máa ń mu ìmọ́lẹ̀. Tó bá tutù, á dá a padà. Ṣùgbọ́n má da kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní William Wyler wo The Third Man tán, ó fi irinṣẹ́ tí bíríkìlà fi ń wo ìtẹ́jú ilẹ̀ ránṣẹ́ sí Carol Reed tó darí rẹ̀, pé kó máa gbé e lé orí kámẹ́rà rẹ̀ nígbà míì.

Adùnní_Ọ̀ṣun

Ọmọ_Peckham, bó bá jẹ́ òjìji àti títì tútù nìkan, kí la máa pe Leave Her to Heaven (1945)? Àwọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, Leon Shamroy tó di kámẹ́rà mú gba Oscar nítorí àwọ̀ yẹn. Ojúmọ́ kedere, adágún omi tó mọ́ lóló, Gene Tierney jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ awò dúdú, ó ń wo ọmọdékùnrin kan tó ń rì, kò sì na ọwọ́ sí i. Kò sí òjìji kankan níbẹ̀. Mo wò ó lọ́sàn-án gangan, mo sì dìde lọ tan gbogbo iná ilé.

Gáfà_Agége

Awò dúdú yẹn ni òjìji. Ó kàn gbé e sójú ni.

Ọmọ_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Gáfà 🙌🏾. Mo gbà. Out of the Past (1947) náà rí bẹ́ẹ̀. Robert Mitchum ń ta epo mọ́tò ní ìlú kékeré kan ní California, oòrùn ń ràn, ó ń lọ pẹja pẹ̀lú ọmọbìnrin dáadáa. Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n láyé àtijọ́ wọlé, ó sì wọ kóòtù dúdú. Ìgbà tí ìtàn padà sẹ́yìn ni Nicholas Musuraca tó di kámẹ́rà mú bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkùnkùn jáde. Ẹ jẹ́ kó mú lára ìmọ́lẹ̀ náà.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mi ò sùn lánàá. Mo ti fa ìtàn tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti lọ.

Ẹ wo èyí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́. Opó ọmọ ẹgbẹ́ kan wá béèrè owó ọkọ rẹ̀. Owó náà ò tó nǹkan, torí ọkọ ti yá owó. Opó náà ò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn béèrè pé, "Ìwé tí wọ́n fi yá owó yẹn, ibo lẹ máa ń tọ́jú rẹ̀ sí?" Akọ̀wé mọ ohun tó ń béèrè. Ó ní kó máa lọ sílé. Lálẹ́, ó padà sí ọ́fíìsì. Ìwé yẹn ló wá sun. Nígbà tó sun ún tán ló rí i pé ọkọ obìnrin náà kọ́ ló fọwọ́ sí i, obìnrin náà ni. Ẹnì kẹta ni alága ẹgbẹ́, tó fẹ́ràn akọ̀wé bí ọmọ, tó sì máa wá a dé òpin.

Ohùn akọ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù, ó ń kọ lẹ́tà sí alága.

Ìyá_Ìbejì_Lékí

Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Kí ni obìnrin náà fi owó yẹn ṣe? Má sọ fún wa nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àti òṣèré rẹ mọ̀ ọ́n.

Aṣọ̀tàn_Abẹ́òkúta

Alága ni Keyes rẹ, ọ̀gá tó fẹ́ràn Walter nínú Double Indemnity tó sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Ìfẹ́ gidi inú fíìmù yẹn, láàárín àwọn méjèèjì ló wà. Fún alága ní ìran kan tó ti ń ṣe inúure fún akọ̀wé kí nǹkan tó bàjẹ́. Kó fún un ní obì, kó bá a san owó ilé ìwé ọmọ, ohunkóhun. Kí ó dùn wá.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ìṣòro kan ló kù. Ògiri pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi funfun báláú. Mo gbé gílóòbù sí i lánàá, gbogbo yàrá mọ́lẹ̀ kedere bí ilé ìgbẹ̀bí.

Gáfà_Agége

Ògiri funfun ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ni, òun ló ń ṣe fill fún ọ láìgbowó. Fi aṣọ dúdú bo èyí tí kámẹ́rà ò rí. Kí òṣèré sì jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn, ó kéré tán mítà méjì.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Pálọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ tó mítà mẹ́ta lápapọ̀, sà.

Gáfà_Agége

Ilẹ̀kùn yàrá ńkọ́, ibo ló ń ṣí sí?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Sínú yàrá, sà.

Gáfà_Agége

Ó dáa. Ṣí i sílẹ̀ pátápátá, pa iná yàrá. Gbé àga akọ̀wé sí ẹnu ọ̀nà gan-an, kó jókòó síbẹ̀ kó máa kọ lẹ́tà rẹ̀, kí yàrá tó ṣókùnkùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbé gílóòbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ tábìlì. Yà á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó o fi ránṣẹ́ síbí kí n tó lọ síṣẹ́ lọ́la.